Ọparun Tí Ń Bọ́ Ìlú, Tí Ó sì Tún Ń Mú Ìyàn Wá

Bí a bá dárúkọ ọparun láàrin àwa ọmọ Yorùbá, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn olúkúlùkù ni igi tí àwọn bíríkìlà ń gùn láti fi mọ ògiri gíga, tàbí ọ̀pá tí àgbẹ̀ fi ń gbé iṣu ró, tàbí ọgbà tí a ṣe yí ẹ̀yìnkùlé ká kí ewúrẹ́ má bàa wọlé jẹ ẹ̀fọ́ ìyàwó ilé. Ẹlòmíràn yóò rántí ejò, nítorí pé abẹ́ ọparun tutù, ejò sì fẹ́ràn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò rántí ìkòkò ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí pé ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní Jàpáànì, ní Táílándì, àti ní àwọn òkè tí ó wà ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà, ọmọ ọparun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí láti inú ilẹ̀ jẹ́ oúnjẹ tí ọmọdé àti àgbà ń retí bí àwa ti ń retí àgbàdo tútù. Nípa oúnjẹ yìí ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. A kò dédé mú un. Ìtàn ìyàn àti ti ogun kan so mọ́ ọn, ó sì kan gbogbo ilé tí ó gbé ara lé ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo.

Ohun kìn-ín-ní tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ọparun kì í ṣe igi rárá, bí ó tilẹ̀ ga ju ọ̀pọ̀ igi lọ. Koríko ni. Ìbátan àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì àti ìrèké ni í ṣe. Ẹni tí ó bá sì wo oríkèé ara rẹ̀, tí ó tún wo oríkèé ìrèké, kò ní jiyàn. Irú rẹ̀ tí ó wà láyé lé ní 1,600. Òmíràn kò ga ju orúnkún ènìyàn lọ, òmíràn sì ga ju ilé alájà márùn-ún lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, nígbà tí òjò bá sì ti rọ̀ tó, ọmọ a yọ orí ṣóńṣó jáde, tí a fi èèpo wé e lórí èèpo bí àgbàdo tí a kò tíì bó. Ohun ìyanu kan ni pé ọmọ yìí kì í sanra sí i lẹ́yìn tí ó bá ti yọ. Bí ó ti tóbi tó ní ọjọ́ tí ó jáde ni yóò tóbi tó títí tí yóò fi kú. Gíga nìkan ni ó ń ga, òmíràn nínú wọn sì lè fi nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà ga láàrin ọ̀sán kan àti òru kan. Nítorí náà, àkókò tí ó ṣeé jẹ kò pẹ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀ tí ó fi dé ìbàdí ènìyàn, ó ti ń di igi, eyín kò ràn án mọ́. Ní Jàpáànì, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí kì í tilẹ̀ dúró kí ó yọrí tán; wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí ilẹ̀ ti wú, wọ́n a sì gbẹ́ ẹ jáde kí oòrùn tó rí i.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀ tí ó fi jẹ́ oúnjẹ? Nínú 100 gíráàmù ọmọ ọparun tútù, omi tó nǹkan bí 91. Èròjà tí ń mú ara dàgbà tó 2.6 gíráàmù, èyí tí kò kéré fún ohun tí ó jẹ́ ẹ̀fọ́. Ọ̀rá kò ju 0.3 lọ, okùn wẹ́wẹ́ tí ń mú kí inú ṣí dáadáa tó 2.2. Pòtásíọ̀mù, tí ọkàn àti iṣan ń lò, tó 533 mílígíráàmù, ó sì ju èyí tí ó wà nínú ìwọ̀n kan náà ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ, tí tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 358. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọmọ ọparun lè gbé àgbẹ̀ dé òpin oko. Agbára tí ó ń fún ara kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 27 kalori lọ nínú 100 gíráàmù. Ipò ẹ̀fọ́ àti olú ni ó wà; ìrẹsì ni ó ń bá a rìn, gẹ́gẹ́ bí iyán tàbí àmàlà ti ń bá ẹ̀fọ́ rìn lọ́dọ̀ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ọkàn, nítorí a ó tún padà dé orí ìrẹsì náà.

Ní ìlú Imphal, olú ìlú ìpínlẹ̀ Manipur ní ilẹ̀ Íńdíà, ọjà ńlá kan wà tí àwọn obìnrin nìkan ni ó ń tajà níbẹ̀. Ima Keithel ni wọ́n ń pè é, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjà àwọn ìyá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó sì ń pàtẹ níbẹ̀. Ara ohun tí wọ́n ń tà ni soibum, tí í ṣe ọmọ ọparun tí a mú kan. Wọ́n a bó èèpo rẹ̀, wọ́n a gé e wẹ́wẹ́, wọ́n a kì í sínú ìkòkò tàbí agbọ̀n tí a tẹ́ ewé sí, wọ́n a gbé ohun wúwo lé e, wọ́n a sì fi í sílẹ̀ fún oṣù 6 títí dé 12 kí omi kíkan rẹ̀ máa ṣàn jáde. Nígbà tí ó bá jinná tán, òórùn rẹ̀ a máa rìn ṣáájú ẹni tí ó gbé e. Àlejò tí kò mọ̀ ọ́n a di imú. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń fi irú sí ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí a fi irú tọ́ dàgbà mọ̀ pé ohun tí ó ń rùn sí imú àlejò ni ó ń ta sánsán sí imú ọmọ ilé. Wọ́n a gún soibum pọ̀ mọ́ ọ̀dùnkún, ata àti ẹja tí a ti mú kan, wọ́n a sì pè é ní eromba. Oúnjẹ ilé ni, kì í ṣe ti ayẹyẹ nìkan.

Obìnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Nirmala Chongtham, tí ó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọn èròjà inú irú ọparun kan tí ń jẹ́ Dendrocalamus giganteus, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Wọ́n fi tútù wé èyí tí a mú kan àti èyí tí a dì sínú agolo. Èyí tútù ni ó ní ọ̀pọ̀ èròjà jùlọ. Kíkan àti agolo mú púpọ̀ nínú rẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n okùn wẹ́wẹ́ tí a sọ nípa rẹ̀ pọ̀ sí i. Èyí kò fi hàn pé ìwà òmùgọ̀ ni àwọn ìyá Imphal ń hù. Ìgbà òjò nìkan ni ọmọ ọparun ń yọ, ilé sì ní láti jẹun ní ìgbà ẹ̀rùn pẹ̀lú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kíkan náà ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ó ṣe pàtàkì ju èròjà lọ, èyí tí a fẹ́ kí gbogbo ìyá ilé fi etí sí.

Oró wà nínú ọmọ ọparun. Irú oró tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ ni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sáyánáìdì. Bí ó ti jẹ́ pé a kò jẹ́ họ ẹ̀gẹ́ kíkorò kí a sì sè é jẹ bí iṣu, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a kò gbọdọ̀ ge ọmọ ọparun kí a sì jẹ ẹ́ ní tútù. Orí ṣóńṣó rẹ̀, tí ó rọ̀ jùlọ tí ó sì wu ènìyàn jùlọ, ni oró náà pọ̀ sí. Ìdí rẹ̀ ni ó kéré sí. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá ti fi ọ̀nà sílẹ̀, nítorí oró inú ọparun kò lágbára tó ti inú ẹ̀gẹ́ níwájú iná. Bí a bá gé e wẹ́wẹ́, tí a sì sè é ní omi híhó fún 20 ìṣẹ́jú, nǹkan bí 70 nínú 100 oró náà a lọ. Bí a bá sè é pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tí a da omi rẹ̀ nù tí a sì fi omi mìíràn sè é, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Kí ìkòkò náà wà láìdé, kí ooru lè gbé oró jáde. Àwọn ará Jàpáànì a máa fi eèrí ìrẹsì sí omi tí wọ́n fi ń sè é kí ìkorò rẹ̀ lè dínkù. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi omi náà se ọbẹ̀, nítorí inú omi ni oró náà ń bọ́ sí.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò sọ pé àwọn baba ńlá wa ti rẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n ti rin ín, wọ́n ti fún un, wọ́n ti yan án, kò sì sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti kánjú ni ó ti ṣe wọ́n. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn rí i ní apá Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́ pé àwọn tí ń jẹ ẹ̀gẹ́ ṣáá láìsí ẹran tàbí ẹja tí ó tó ń di ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ojú àti etí rẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Oró kékeré tí ń wọ ara lójoojúmọ́ ni ó tọ́ka sí. Bákan náà ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n ṣe àkíyèsí pé gẹ̀gẹ̀ kò tán ní Manipur bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iyọ̀ tí a fi ayodíìnì sí ti dé ọ̀dọ̀ wọn, fi ojú sí ọmọ ọparun tí wọ́n ń jẹ. Ìwádìí tí wọ́n fi eku ṣe fi hàn pé oúnjẹ yìí lè dí iṣẹ́ ẹṣẹ́ ọ̀fun lọ́wọ́. Kì í ṣe pé kí a sá fún un. Kí a sè é jinná ni, kí a má sì fi òun nìkan ṣe oúnjẹ láti oṣù dé oṣù.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó burú ju èyí lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2006, ní àgbègbè Nan ní àríwá Táílándì, àwọn ará abúlé péjọ síbi àjọ̀dún ẹ̀sìn wọn, wọ́n sì jẹ ọmọ ọparun tí a dì sínú agolo ní ilé. Ẹni 209 ni ó ṣàìsàn. 42 nínú wọn kò lè mí fúnra wọn mọ́, ẹ̀rọ ni ó ń bá wọn mí. Kì í ṣe sáyánáìdì ni ó ṣe wọ́n. Kòkòrò àìfojúrí kan tí ń gbé inú erùpẹ̀ ni, èyí tí ó fẹ́ràn ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé tí kò sì kan, tí ó sì ń pọ oró tí ń rọ iṣan ènìyàn. Inú agolo tí a kò sè tó ni ó bá irú ibẹ̀ pàdé. Ìkòkò soibum ti àwọn ìyá Imphal kan gan-an, kòkòrò yìí kò sì lè gbèrú nínú kíkan. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ máa di oúnjẹ sínú agolo tàbí ìgò ní ilé, ìbá à ṣe ọparun, ìbá à ṣe ẹ̀wà, kí ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí kò bá kọ́ ọ, kí ó má ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ọ̀ràn tí ó mú wa kọ ìwé yìí. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọparun pẹ̀lú ń rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò kan a bí ọmọ, ọmọ a bí ọmọ, títí igbó kan odindi yóò fi jẹ́ ara kan ṣoṣo, tí ẹ̀jẹ̀ kan náà ń ṣàn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gbìn ín sí ibòmíràn a gé gbòǹgbò tàbí ọ̀pá rẹ̀, bí àwa ti ń gé èbù iṣu. Àìtanná ni ìwà rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ a máa lo ọdún 20, tàbí 48, tàbí 67, a tilẹ̀ rí irú kan ní Jàpáànì tí í lo nǹkan bí ọdún 120, kí ó tó tanná rárá. Nígbà tí àkókò rẹ̀ bá sì pé, gbogbo irú kan náà a tanná pọ̀, a so èso pọ̀, a sì kú pọ̀. Ìyá kú, ọmọ kú, ọmọ ọmọ kú. Ẹni tí ó ti gé tirẹ̀ lọ gbìn sí ọ̀nà jíjìn yóò sì máa wò ó tí ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ń tanná, bí ẹni pé aago kan ni a fi sí inú gbogbo wọn. Níti irú yìí, òwe ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ ní ọdún náà. Kóró inú erùpẹ̀ nìkan ni ó kù láti rọ́pò.

Ní ìpínlẹ̀ Mizoram, tí ó wà láàrin Bángíládẹ́ṣì àti Bọ́má, irú ọparun tí ó bo òkè jùlọ ni èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní mau, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Melocanna baccifera. Ọmọ rẹ̀ dùn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ gidigidi ní ìgbà òjò. Ní nǹkan bí ọdún 48-48 ni ó ń tanná. Èso rẹ̀ kì í ṣe kóró gbígbẹ bí ti àwọn koríko yòókù, bí kò ṣe èso ẹlẹ́ran-ara tí ó rí bí píà kékeré, kò sì sí koríko mìíràn láyé tí èso rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: òkè lórí òkè, tí píà wọ̀nyí bo ilẹ̀ pátápátá láàrin oṣù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìdí tí ọparun fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé bí èso bá pọ̀ tó báyìí lẹ́ẹ̀kan, àwọn ẹranko kò lè jẹ ẹ́ tán, èyí tí ó kù a sì hù. Ọgbọ́n dáadáa ni fún ọparun, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń san owó rẹ̀. Èkúté a dé, wọ́n a jẹ, wọ́n a bí, àwọn ọmọ wọn a tún bí. Nígbà tí èso bá tán tàbí tí ó bá ti hù, ogunlọ́gọ̀ èkúté tí ebi ń pa yìí a ṣí lọ sí oko ìrẹsì, ní àkókò gan-an tí ìrẹsì ń gbó. Àgbẹ̀ lè sùn ní alẹ́ kí oko rẹ̀ kún, kí ó jí ní òwúrọ̀ kí ó má bá nǹkankan bí kò ṣe pòròpórò. Mautam ni wọ́n ń pe ọdún bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ikú ọparun.

Mautam wá ní ọdún 1911 sí 1912. Àwọn àgbà ka ọdún lórí ìka wọn, wọ́n sì mọ ìgbà tí òmíràn yóò dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso agbègbè Mizo bẹ ìjọba Assam, tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, pé kí ó fi owó sílẹ̀ de ìyàn tí ń bọ̀. Ìjọba kà á sí ìtàn àwọn ará oko, kò sì dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1959 ìyàn mú gan-an, ènìyàn sì kú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa ru ìrẹsì lọ sí àwọn abúlé tí ọkọ̀ kò lè dé. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Laldenga ni ó ṣáájú wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961 ẹgbẹ́ aruìrẹsì yìí yí orúkọ padà, ó di ẹgbẹ́ òṣèlú tí a ń pè ní Mizo National Front. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 1966 wọ́n kéde pé àwọn kò sí lábẹ́ Íńdíà mọ́, wọ́n sì gbé ìbọn. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, ọkọ̀ òfurufú ìjọba ju bọ́ǹbù sí ìlú Aizawl. Ogún ọdún ni ìjà náà fi wà kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1986, Mizoram sì di ìpínlẹ̀ tí ó dá dúró ní oṣù kejì ọdún 1987. A kò sọ pé òdòdó ọparun nìkan ni ó fa gbogbo èyí. Ọ̀ràn mìíràn wà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìtàn náà yóò rí i pé ìjọba tí ó fi etí dídi gbọ́ ìkìlọ̀ àwọn àgbà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáná.

Kí ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ tí kò sí? Oríṣiríṣi ni. Bí òkè bá ní irú ọparun mẹ́wàá tí aago wọn kò dọ́gba, ọ̀kan yóò kú, mẹ́sàn-án yóò dúró. Bí àgbẹ̀ bá sì ní ohun mìíràn lẹ́yìn ìrẹsì, èkúté kò ní jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ fi ń wá inú ẹ̀jẹ̀ ọparun lónìí, láti mọ irú tí ó wà àti bí wọ́n ti jìnnà sí ara wọn tó. Iṣẹ́ yìí kò rọrùn tẹ́lẹ̀, nítorí òdòdó ni a fi ń dá irú ohun ọ̀gbìn mọ̀, òdòdó ọparun sì ni ohun tí onímọ̀ lè má rí lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ayé rẹ̀. Nísinsìnyí wọ́n lè ka àbùdá rẹ̀ láti ara ewé kan ṣoṣo.

Ohun tí wọ́n rí ní Ṣáínà yẹ kí ó mú wa ronú. Ọparun tí wọ́n ń jẹ jùlọ níbẹ̀ ni èyí tí a ń pè ní moso; nínú orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un, Phyllostachys edulis, “èyí tí ó ṣeé jẹ” ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kejì. Ilẹ̀ tí ó gbà lé ní mílíọ̀nù 4 hẹ́kítà. Ní ọdún 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ ka àbùdá rẹ̀ jáde. Ní ọdún 2021 wọ́n tẹ ìwádìí mìíràn jáde, nínú èyí tí wọ́n mú 427 láti agbègbè 15 káàkiri ilẹ̀ náà, tí wọ́n sì fi wọ́n wé ara wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn kéré gidigidi. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bí a ti ń sọ ọ́ nílé, igbó ńlá ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìdílé díẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí a fi kóró gbìn ní Jàpáànì ní ọdún 1930 tanná ní ọdún 1997, ọdún 67 gééré.

Ọparun tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bambusa vulgaris, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ilẹ̀ Éṣíà ni ó ti wá, gígé ni a sì ń gé e gbìn. Kì í sábà tanná, bí ó bá sì tanná kì í so kóró tí yóò hù. Ó ṣeé jẹ bí a bá sè é dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí lára èyí tí ó dùn jù. Irun tí ó wà lára èèpo ọmọ rẹ̀ a sì máa yún ènìyàn bí wèrèpè. Ilẹ̀ Áfíríkà ní tirẹ̀, Oxytenanthera abyssinica, tí ń hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí dé Etiópíà. Ní gúúsù Tanzania àwọn ènìyàn a máa gé orí ọmọ irú rẹ̀ kan kí omi rẹ̀ máa kán sínú igbá, wọ́n a sì mu ún bí ẹmu. Ulanzi ni wọ́n ń pè é. Àwa mú un wá síhìn-ín nítorí ìmọ̀ nìkan, kì í ṣe láti fi ọ̀nà mímu han ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọdún 2006 súnmọ́, àwọn ará Mizoram kò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn tí ó wà lórí oyè nígbà náà ni Mizo National Front fúnra wọn, ẹgbẹ́ tí ìyàn bí. Wọ́n sọ fún àgbẹ̀ kí wọ́n gbin ata ilẹ̀ àti ata ilẹ̀ pupa, tí èkúté kò fẹ́ràn. Wọ́n kó ìrẹsì pamọ́. Wọ́n sì fi rúpì 2 sí ìrù èkúté kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá. Síbẹ̀ ìrẹsì bàjẹ́ púpọ̀, ní Mizoram, ní àwọn òkè Chittagong ti Bángíládẹ́ṣì, àti ní ilẹ̀ àwọn Chin ní Bọ́má, ṣùgbọ́n kò burú tó ti ọdún 1959. Nígbà tí ìdìbò dé ní oṣù kejìlá ọdún 2008, nínú ìjókòó 40, mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ náà rí mú.

Láti ìgbà náà ni kóró tí èkúté kò jẹ ti hù, tí ó sì ti di igbó padà, àwọn obìnrin sì tún ń gbé agbọ̀n lọ sí òkè ní ìgbà òjò láti wá ọmọ mau. Ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo igbó náà. Bí aago inú rẹ̀ bá lọ bí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 2054 sí 2056 ni yóò tún tanná, àwọn ọmọ tí a gbé sẹ́yìn ní ọdún mautam tí ó kọjá yóò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni àádọ́ta ọdún.